Ẹ Mú Téèpù Kí Ẹ Tó Mú Owó: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Ríra Mọ́nítọ̀ Ńlá fún Sim Racing

Bí ẹ bá fẹ́ ra mọ́nítọ̀ tí ẹ ó fi máa wa sim (géèmù eré ìje ọkọ̀ tó fara wé ti gidi) nílé, téèpù ìwọ̀n ni kí ẹ kọ́kọ́ mú dání, kì í ṣe káàdì báǹkì. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn èèyàn to rig (àga àti irin tó gbé sítíárì àti pẹ́dà) sínú ilé wọn ní Èkó àti Ìbàdàn, ìnáwó àpà tí mo sì ń rí lórí ọ̀rọ̀ mọ́nítọ̀ ti sú mi pátápátá. Tó bá jẹ́ sítíárì ni, wọ́n á béèrè lọ́wọ́ gbogbo ayé kí wọ́n tó rà á. Tó bá jẹ́ pẹ́dà, wọ́n á wo fídíò títí ilẹ̀ á fi mọ́. Tó bá wá kan mọ́nítọ̀, wọ́n á kàn wọ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ní, "Èwo ló tóbi jù níbẹ̀?"

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eléré gidi o. Àwọn ọmọ tí kò tíì hu irùngbọ̀n ló máa ń já mi sílẹ̀ ní pápá ìsáré Monza. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ojú ń rí, mo sì mọ ohun tí owó ń rà. Ẹ ti mọ ohun tó ń jẹ́ Hz (iye ìgbà tí àwòrán ń yí ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ẹ sì ti mọ̀ pé píksẹ́ẹ̀lì (àmì kékeré tó ń kó àwòrán jọ) inú 1440p ju ti 1080p lọ, nítorí náà mi ò ní fi ìyẹn dá wa dúró.

1. Ríra íǹṣì láì wọn ibi tí ojú wà

Olórí àṣìṣe nìyí, àwọn yòókù ń tẹ̀ lé e ni. Íǹṣì tí wọ́n kọ sára páálí, láti igun kan òkè dé igun kejì nísàlẹ̀ ni wọ́n wọ̀n ọ́n. Kò sọ bí mọ́nítọ̀ ṣe fẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni kò lè sọ bó ṣe máa jìnnà sí ojú yín tó. Ohun tó kan awakọ̀ ni ìwọ̀n igun tí mọ́nítọ̀ gbà lójú rẹ̀, èyí tí gbogbo wa ń pè ní FOV. Fèrèsé ni mọ́nítọ̀: ẹni tó fi imú kan fèrèsé kékeré máa rí àdúgbò ju ẹni tó jókòó sí ìpẹ̀kun pálọ̀ tó ń wo fèrèsé ńlá lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n 55 íǹṣì fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 122. Bí ojú yín bá jìnnà sí i ní mítà kan ààbọ̀, dígírì 44 ló máa gbà. Mọ́nítọ̀ 27 íǹṣì kò fẹ̀ ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 60 lọ, ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbé e sí sẹ̀ǹtímítà 60 sí ojú, dígírì 53 ló máa gbà. Ẹ tún ìyẹn kà. Mọ́nítọ̀ kékeré ló fi ọ̀nà tó pọ̀ jù hàn yín, owó ẹ̀ kò sì tó ti tẹlifíṣọ̀n.

Àbúrò kan ní Sùúrùlérè pè mí. Ó ní sítíárì tuntun tí òun rà kò dáa, pé gbogbo ìgbà lòun ń kọjá ibi tó yẹ kóun ti tẹ bíréèkì, kóun sì tó ṣẹ́jú, òun ti wà nínú yẹ̀pẹ̀. Mo lọ. Tẹlifíṣọ̀n 65 íǹṣì ni mo bá lára ògiri. Wọ́n ti lu ògiri, wọ́n ti gba abẹ́ pilásítà kọjá pẹ̀lú wáyà, wọ́n sì ti kun gbogbo ẹ̀ padà, ó ń dán. Mítà méjì ni rig fi jìnnà sí i. Igun tí gbogbo ìtóbi yẹn gbà lójú rẹ̀ kò pé dígírì 40. Òun náà ti rí i pé òun kò rí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ló bá lọ gbé FOV inú géèmù sí 90. Ohun tí ìyẹn ṣe ni pé ó fún gbogbo nǹkan pọ̀ sínú àyè tóóró: kọ́nà tó wà níwájú rẹ̀ di kékeré, ó dà bí ohun tó ṣì jìnnà, eré ọkọ̀ sì dà bí èyí tó pọ̀ ju bó ṣe rí lọ. Ta ló máa mọ ibi tó yẹ kó ti tẹ bíréèkì nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀?

Mo gbé mọ́nítọ̀ 32 íǹṣì sọ̀ kalẹ̀ látinú mọ́tò mi, mo tò ó sórí sítúùlù méjì lẹ́yìn sítíárì rẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 65 sí ojú. Dígírì 57 nìyẹn. Mo tún FOV ṣe, mo ní kó wa pápá ìsáré Spa. Nígbà tó dé La Source, kọ́nà àkọ́kọ́ tó ṣẹ́rí padà yẹn, ó tẹ bíréèkì lásìkò, ó yí wọlé, kò sọ nǹkan kan. Ó wà á títí, ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ti ara ògiri yìí ò lè sún mọ́bí díẹ̀ ni?" Wáyà wà lábẹ́ pilásítà, àbúrò mi. Ibo ló fẹ́ gbà sún?

Bí ẹ ṣe máa wọ̀n ọ́n rèé. Ẹ jókòó sínú rig bí ẹni tó fẹ́ wakọ̀, ẹsẹ̀ lórí pẹ́dà, ọwọ́ lórí sítíárì, kí ẹlòmíì fa téèpù láti ẹ̀gbẹ́ ojú yín dé ibi tí ojú mọ́nítọ̀ máa wà, lẹ́yìn ẹ̀rọ tó ń yí sítíárì gan-an. Ẹ pín fífẹ̀ mọ́nítọ̀ sí méjì, ẹ fi jíjìnnà yẹn pín in, ẹ tẹ tan⁻¹ lórí fóònù yín, kí ẹ sì sọ èyí tó bá jáde di ìlọ́po méjì. Ìyẹn ni FOV tí ẹ máa tẹ̀ sínú géèmù. Géèmù iRacing tiẹ̀ máa bá yín ṣe é fúnra ẹ̀ tí ẹ bá ti fún un ní ìwọ̀n. Ẹ má sì jí nọ́ńbà iRacing gbé lọ sínú géèmù Assetto Corsa o. Ti iRacing, fífẹ̀ ló ń kà. Ti Assetto Corsa, òkè sí ìsàlẹ̀ ni. Dígírì 57 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, 34 ló máa jẹ́ níbẹ̀. Àwọn èèyàn á rí 34, wọ́n á pariwo pé kò lè rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á fi kún un títí á fi bàjẹ́.

Mi ò ní kí ẹ má ra tẹlifíṣọ̀n. Ẹ gbé 55 yẹn kúrò lára ògiri, ẹ fún un ní ẹsẹ̀ tirẹ̀ lẹ́yìn sítíárì, ní sẹ̀ǹtímítà 90 sí ojú, dígírì 68 nìyẹn, ó sì dùn ún wà. Wẹ́dà àdúgbò lè jó irin ẹsẹ̀ yẹn fún yín. Ògiri ni mò ń bá jà.

2. Ríra mọ́nítọ̀ gbọọrọ fún PS5

Màmá kan ra mọ́nítọ̀ 49 íǹṣì, èyí tó gùn gbọọrọ tó sì tẹ̀ kọrọdọ, fún ọmọkùnrin rẹ̀ tó ń wa géèmù Gran Turismo 7. Mo tò ó tán, mo tan iná sí i: àwòrán wà láàárín, dúdú lọ́tùn-ún, dúdú lósì. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ṣé ẹ ò tíì parí ẹ̀ ni?" Mo ti parí ẹ̀, mà. PS5 kì í gbé àwòrán tó fẹ̀ ju 16:9 (fífẹ̀ 16 sí gíga 9) lọ jáde. Mọ́nítọ̀ 49 íǹṣì 32:9 sì rèé, 27 íǹṣì méjì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ ni, kò ga ju 27 lọ rárá. Ọmọ yẹn ń wo 27 íǹṣì ní owó 49. PS5 kan kò sì lè gbé géèmù sórí mọ́nítọ̀ mẹ́ta, ẹnu HDMI kan ló ní. Tó bá jẹ́ PS5 ni ẹ ní, ẹ ra ẹyọ kan tó jẹ́ 16:9, kí ẹ gbé e súnmọ́ ojú.

Lórí kọ̀ǹpútà, 49 kò burú. Ó ń gba nǹkan bíi dígírì 80 sí 90 tí ẹ bá jókòó tì í.

3. Ríra mọ́nítọ̀ mẹ́ta lọ́kọ̀ọ̀kan

Mọ́nítọ̀ mẹ́ta ni mo fẹ́ràn jù. Mẹ́ta tó jẹ́ 32 íǹṣì, ní sẹ̀ǹtímítà 65, máa ń yí èèyàn ká tó dígírì 170. Ní La Source yẹn, bí ẹ bá ti ń yí, inú kọ́nà máa ń bọ́ kúrò lójú mọ́nítọ̀ kan ṣoṣo. Lórí mẹ́ta, ẹ yíjú sọ́tùn-ún, ẹ rí i. Ọkọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yín náà, ẹ máa rí i kí ẹ tó fi ara gbá a.

Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn á ra ọ̀kan lóṣù yìí, wọ́n á ní tówó bá tún wọlé àwọn á ra méjì yòókù. Nígbà tówó fi máa wọlé, ọjà ti tán. Èyí tí wọ́n á rí, orúkọ kan náà ni, àmọ́ àwọ̀ ẹ̀ pupa díẹ̀, etí ẹ̀ nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ihò ẹ̀yìn ẹ̀ kò sì bá ti irin mu. Koríko etí ọ̀nà á wá ní oríṣi àwọ̀ mẹ́ta. Ẹ kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́jọ́ kan, láti ṣọ́ọ̀bù kan, tàbí kí ẹ ṣì fowó pamọ́. Ẹ ra èyí tí ojú ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kì í ṣe èyí tó tẹ̀ kọrọdọ, torí géèmù gbà pé pẹrẹsẹ ni mọ́nítọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú bóyá géèmù tí ẹ ń wà mọ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún mọ́nítọ̀ mẹ́ta. iRacing mọ̀ ọ́n, Assetto Corsa náà mọ̀ ọ́n. Èyí tí kò bá mọ̀ ọ́n máa na àwòrán ẹ̀gbẹ́ títí táyà á fi rí bí ẹyin.

Bí ẹ bá ti ń ronú mẹ́ta, ẹ ronú káàdì gíráfíìkì (ẹ̀rọ inú kọ̀ǹpútà tó ń ya àwòrán) pẹ̀lú. 1080p kan jẹ́ píksẹ́ẹ̀lì mílíọ̀nù 2. 1440p mẹ́ta jẹ́ mílíọ̀nù 11, ó ju 4K kan tó jẹ́ mílíọ̀nù 8.3 lọ dáadáa. Mo ń rí ẹni tó ná gbogbo owó sórí mọ́nítọ̀, tó wá ń wa ọkọ̀ tó ń já jáńjá-jáńjá bíi fídíò tí dátà ẹ̀ fẹ́ tán. 1080p mẹ́ta tí káàdì yín lè gbé láì mí hẹlẹ ló dáa jù. Ẹ sì ka iná tí káàdì ń jẹ: káàdì RTX 4090 nìkan lè jẹ wáàtì 450, kí a tó ka mọ́nítọ̀, kí a tó ka sítíárì. Inverter tó ń gbé fáànù àti gílóòbù kò mọ ìyẹn rí.

4. Nọ́ńbà ńlá ara páálí

Lára páálí tẹlifíṣọ̀n mìíràn, wọ́n á kọ 120 tàbí 240 gàdàgbà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ dídùn kan níwájú ẹ̀. Ẹ wo ìwé kékeré inú ẹ̀: 60 Hz ni. Ẹ̀rọ inú ẹ̀ ló ń fi àwòrán àtọwọ́dá kún àárín àwọn tòótọ́, ìyẹn gan-an ló sì ń dá ọwọ́ yín dúró, tí ẹ ó ti yí sítíárì tí ọkọ̀ ò tíì yí. Ẹ fi í sórí Game Mode, kí ẹ sì béèrè Hz gidi.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ra 144 Hz, ẹ wọ inú Windows lọ wò ó báyìí. Ó ṣeé ṣe kó ṣì wà lórí 60.

Wáyà HDMI àtijọ́ kò lè gbé 4K ní 120 Hz, HDMI 2.1 ló lè gbé e.

Ẹ má so mọ́nítọ̀ mọ́ irin kan náà tó gbé sítíárì, á máa gbọ̀n.

Bóòtù tí ẹ fi so ẹ̀yìn mọ́nítọ̀ mọ́ irin, tó bá gùn jù, máa gún inú mọ́nítọ̀. Kò sẹ́ni tó lè tún un ṣe.

Ní ti irú ojú tí wọ́n fi ṣe mọ́nítọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní VA dúdú dáadáa, àmọ́ tí ẹ bá ń wakọ̀ lálẹ́, ìlà dúdú lè máa wọ́ tẹ̀ lé igi ẹ̀bá ọ̀nà. IPS kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n dúdú ẹ̀ ń rí bí eérú. OLED ló dáa jù lójú tèmi, ó sì ń dẹ́rù bà mí, torí ohun tó bá dúró sójú kan lórí ẹ̀ fún oṣù pípẹ́ lè tẹ̀ mọ́ ọn.

Ìyẹn mú mi rántí tòkunbọ̀. Bí ẹ bá lọ ra tẹlifíṣọ̀n tòkunbọ̀ OLED ní Ìkejà, ẹ gbé àwòrán pupa gbalaja sí i kí ẹ tó sanwó. Mo ti rí èyí tí àmì ìkànnì bọ́ọ̀lù ti tẹ̀ mọ́ igun ẹ̀ lókè, ó hàn kedere lórí ojú ọ̀run pápá ìsáré Silverstone. Ẹni tó ń tà á ní "dídán ẹ̀ ni." Ẹ gbé funfun sí i pẹ̀lú, kí ẹ wá píksẹ́ẹ̀lì tó ti kú, tí kì í bá sì ṣe OLED, kí ẹ gbé dúdú sí i nínú òkùnkùn, kí ẹ wo bóyá ìmọ́lẹ̀ ń yọ létí.

Lẹ́yìn náà, ẹ yí i, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀. 100–240V ni a fẹ́. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n tó ti Amẹ́ríkà wá, 120V ni wọ́n kọ sí i, iná tiwa sì jẹ́ 230V. Ẹni tó ń tà á máa ní kò sí wàhálà, torí ara jẹnẹrétọ̀ pẹ̀lú tíráńsífọ́mà tirẹ̀ ló ti ń tàn án fún yín wò. Ẹ ní kó yọ tíráńsífọ́mà yẹn kúrò, kó tún un tàn.