Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí A Bá Ń Wo Inú Irin Lábẹ́ Máíkírósíkóòpù

Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ojú kan inú irin lábẹ́ máíkírósíkóòpù a máa rò pé gbogbo ohun tí òun rí ni irin náà gbé wá láti ibi tí wọ́n ti yọ́ ọ. Inú èrò yìí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ àṣìṣe ti ń ṣẹ̀ wá. Kí ègé irin tó dé abẹ́ awò, a ti gé e, a ti fi sánpépà ha á, a ti dán an, a sì ti jẹ́ kí ásíìdì jẹ ojú rẹ̀ díẹ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú iṣẹ́ mẹ́rin yìí tí kò lè fi àpá tirẹ̀ sílẹ̀. Kí Henry Clifton Sorby ti ìlú Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní nǹkan bí ọdún 1863, ojú ibi tí irin ti ṣẹ́ ni àwọn ènìyàn sábà máa ń wò láti mọ irú irin tí ó jẹ́. Sorby dán irin bíi dígí, ó jẹ́ kí ásíìdì tí a bu omi là jẹ ẹ́, ó sì rí hóró oríṣiríṣi tí wọ́n fara ti ara wọn. Máíkírósíkóòpù ti wà ṣáájú rẹ̀. Ẹni tí yóò tún ojú irin ṣe dáadáa fún un ni kò tíì sí.

Ẹ jẹ́ kí a ti ibi gígé bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ohun tí ó bá bàjẹ́ níbẹ̀ kì í ṣeé tún ṣe. Alágbẹ̀dẹ èyíkéyìí mọ̀ pé irin tí ó pọ́n nínú iná, tí a sì rì bọ omi lójijì, a máa le koko, àti pé bí a bá tún fi iná yá a díẹ̀, líle náà a dín kù. Lábẹ́ awò, irin tí a rì bọ omi bẹ́ẹ̀ a máa fi martensite hàn, ìyẹn irú inú irin líle tí títutù lójijì ń mú wá, tí ó rí bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n dábùú ara wọn. Bí ẹ bá wá fi ẹ̀rọ ìgérin gé irú irin bẹ́ẹ̀ láìsí omi, ooru tí ó ń jáde láti etí àwo ẹ̀rọ náà tó láti tún irin ọ̀hún sè. Ojú tí ó di búlúù jẹ́ àmì pé ooru ibẹ̀ ti tó nǹkan bí dígírì 300 lórí òṣùwọ̀n Celsius, martensite tí ẹ fẹ́ wò sì ti yí padà. Ó tún lè burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: bí ojú ibi tí a gé bá gbóná kọjá dígírì 727, tí ara irin tó kù, tí ó tutù, sì fa ooru náà kúrò kíá, martensite tuntun lè yọ níbi tí kò sí tẹ́lẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe nígbà náà ni pé wọ́n á fi sánpépà pa àwọ̀ búlúù náà rẹ́, wọ́n á sì máa bá iṣẹ́ lọ. Orí awọ lásán ni àwọ̀ náà wà. Ooru tí ó mú un wá ti wọlé jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ lọ gé òmíràn, ẹ jẹ́ kí omi máa ṣàn sí i, kí ẹ má sì fi agbára ti ẹ̀rọ náà.

Ó tún ṣe pàtàkì kí ẹ mọ apá ibi tí ẹ gé. Ẹ wo irin rọ́ọ̀dù tí àwọn kọ́lékọ́lé ń lò, irú èyí tí ilé iṣẹ́ ń tú omi sí lára kíkankíkan bí ó bá ti ń jáde kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ. Òrùka ìta rẹ̀ jẹ́ martensite tí ooru inú rọ́ọ̀dù náà ti rọ̀, àárín rẹ̀ sì jẹ́ ferrite, ìyẹn irin rírọ̀ tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní kábọ́ọ̀nù nínú, àti pearlite, tí ó rọ̀ ju martensite lọ. Ẹni tí ó wo àárín nìkan yóò ní irin rírọ̀ ni. Ẹni tí ó wo etí nìkan yóò ní irin líle ni látòkèdélẹ̀. Ẹ gé e lábùú, kí ẹ sì wò ó láti etí kan dé èkejì. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìdọ̀tí inú irin, bíi manganese sulphide, ni ẹ ń wá, ẹ má ṣe fi mọ sí gígé lábùú, nítorí pé ohun tí ó rí bí ẹ̀kán kékeré lójú ìbú lè jẹ́ ìlà gígùn lójú òòró, bí ẹ̀rọ ti ṣe fà á pọ̀ mọ́ irin.

Orí sánpépà ni ìkánjú ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Bí nọ́ḿbà sánpépà bá ṣe ń ga sí i ni ó ń kúnná sí i, a sì sábà máa ń tẹ̀lé 240, 320, 400 àti 600. Ẹni tí ó fò láti 240 sí 600 nítorí pé ojú irin ti ń dán kò ní rí àléébù kankan títí ásíìdì yóò fi kàn án. Ìgbà náà ni ìlà tí ó rò pé ó ti lọ yóò tún yọjú. Sánpépà kò fa ìlà nìkan, ó tún lọ́ irin tó wà lábẹ́ ìlà náà, ásíìdì a sì máa jẹ ibi tí ó lọ́ yára ju ibi tí kò lọ́ lọ. Ẹ máa yí ègé náà ní dígírì 90 nígbàkigbà tí ẹ bá pààrọ̀ sánpépà, kí ẹ ha á títí ìlà ti ìṣáájú yóò fi pòórá, kí ẹ sì tún fi bí àkókò náà ṣe gùn tó kún un, kí irin tí ó lọ́ lábẹ́ rẹ̀ lè bá a lọ. Ẹ fọ ègé náà, ẹ fọ ọwọ́ yín pẹ̀lú, kí ẹ tó bọ́ sórí èyí tí ó kúnná ju: ẹyọ yanrìn kan ṣoṣo láti orí 240 tó láti ba aṣọ ìdánrin tí a fi ìyẹ̀fun dáyámọ́ńdì oní-máíkírómítà 1 sí jẹ́. Ní ti alumíníọ̀mù àti bàbà, tí wọ́n rọ̀, yanrìn tún lè há sí wọn lára, kí ó sì dà bí ìdọ̀tí tí ó ti wà níbẹ̀ láti ìpilẹ̀.

Irin tí a yọ́ dà, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì, ní graphite, ìyẹn kábọ́ọ̀nù dúdú rírọ̀, nínú bí ewé tínrín. Bí a bá dán an pẹ́ jù lórí aṣọ rírọ̀, graphite a bọ́ jáde, ihò dúdú a sì kù. Ẹ wò ó kí ásíìdì tó kàn án, nítorí pé lẹ́yìn ásíìdì, pearlite náà yóò dúdú, yóò sì ṣòro láti mọ èyí tí í ṣe èwo.

Ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ lórí ásíìdì kò jẹ mọ́ àwòrán rárá. Nital, tí a ń lò fún irin, jẹ́ ásíìdì náítíríìkì ìdá 2 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún, tí a pò mọ́ ẹ́tánọ́ọ̀lù. Ẹ má ṣe mú un le ju bẹ́ẹ̀ lọ nítorí kí iṣẹ́ lè yá, nítorí pé àwọn méjèèjì lè bá ara wọn jà títí wọn yóò fi bú gbàù. Ásíìdì ni a ń kán sínú ẹ́tánọ́ọ̀lù díẹ̀díẹ̀. A kì í da ẹ́tánọ́ọ̀lù lé ásíìdì lórí, a kì í sì í tọ́jú rẹ̀ sínú ìgò tí a dé pinpin. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ àkókò tó kàn: ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ti tó, kí ẹ sì yọ ọ́ ní kété tí dídán ojú rẹ̀ bá ti ṣú. Nínú pearlite, ferrite àti cementite, ìyẹn àdàpọ̀ irin àti kábọ́ọ̀nù tí ó le, tò lé ara wọn ní ìpele tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, òun ni ó ń mú kí ó máa tàn bíi péálì, tí ó sì fi gba orúkọ náà. Ẹni tí ó gbàgbé irin rẹ̀ sínú ásíìdì kò ní rí ìpele kankan. Dúdú kirikiri ni yóò rí. Ẹ fi ẹ́tánọ́ọ̀lù ṣan án, ẹ sì fẹ́ afẹ́fẹ́ lílọ́wọ́ọ́rọ́ sí i, kí ó má baà dógùn-ún kí ẹ tó gbé e dé abẹ́ awò.

Kíkà ohun tí a rí náà ní àṣìṣe tirẹ̀. Kíkọ “500×” sábẹ́ àwòrán kò wúlò mọ́ ní kété tí wọ́n bá ti sún àwòrán náà kì tàbí tí wọ́n fẹ̀ ẹ́ lórí fóònù. Ìlà ìwọ̀n tí a fà sínú àwòrán fúnra rẹ̀ ni ó ń bá a tóbi, tí ó sì ń bá a kéré. Nọ́ḿbà hóró ti ASTM, àjọ kan ní Amẹ́ríkà tí ń ṣe ìlànà ìdánwò ohun èlò, náà máa ń dojú rú mọ́ àwọn ènìyàn lọ́wọ́, nítorí pé bí nọ́ḿbà bá ṣe tóbi sí i ni hóró ń kéré sí i: lórí àwòrán tí a sọ di ńlá ní ìlọ́po 100, nọ́ḿbà 5 túmọ̀ sí hóró 16 nínú íńṣì kan níbùú lóròó, nọ́ḿbà 8 sì túmọ̀ sí 128. Àwọ̀ ni ó ń tanni jẹ jù. Nital a máa sọ pearlite tí ó kúnná àti martensite tí ooru ti rọ̀ di dúdú bákan náà, débi pé awò tí ń lo ìmọ́lẹ̀ lè má lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ má ṣe méfò níbẹ̀. Ẹ wọn líle irin náà, kí ẹ sì wádìí bí wọ́n ṣe mú un tutù, kí ẹ tó kọ orúkọ sílẹ̀.