Bí ẹ ṣe lè dá rin Inis Mór lọ́jọ́ kan láìbá afẹ́fẹ́ jìjàkadì

Inis Mór ló tóbi jù nínú erékùṣù mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní Aran, ní ìwọ̀ oòrùn Ireland, níwájú ìlú Galway. Gígùn rẹ̀ jẹ́ bíi kìlómítà 14, fífẹ̀ rẹ̀ kò sì ju bíi 4 lọ. Ẹni tó bá wò ó lórí máàpù á ní kẹ̀kẹ́ lásán á yí i ká kí ọ̀sán tó pọ́n. Máàpù kì í fi afẹ́fẹ́ hàn. Lẹ́yìn erékùṣù yìí, Òkun Àtìláńtíìkì ló kù títí dé Amẹ́ríkà, kò sì sí òkè tàbí igbó tí yóò gba ẹ̀fúùfù dúró lọ́nà. Kìlómítà 7 tí ẹ fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gùn ní àlọ lè gbà yín ní wákàtí kan àti ààbọ̀ ní àbọ̀, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ojú omi ìrọ̀lẹ́ kì í dúró de ẹnì kankan. Nítorí náà, kí ẹ tó pinnu ibi tí ẹ máa kọ́kọ́ dé, ẹ béèrè ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá.

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà: Ireland kò sí lára Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó jọ ń lo físà kan náà. Físà Schengen kò gbé yín débẹ̀, ti Britain nìkan náà kò tó. Ẹ gba ti Ireland fúnra rẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú

Ẹ lọ sí ojú ìwé Met Éireann, àjọ ojú ọjọ́ ilẹ̀ náà, kí ẹ wo nǹkan mẹ́ta fún Galway àti etíkun rẹ̀: bí afẹ́fẹ́ ṣe ń yára tó, ìhà tó ti ń wá, àti bí ẹ̀fúùfù òjijì rẹ̀ ṣe le tó. Ìkẹta yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò, òun gan-an ló sì ń ṣe èèyàn ní jàǹbá, torí afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ ní kìlómítà 35 ní wákàtí kan lè ṣàdédé ta sí 60 fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan.

Bí afẹ́fẹ́ bá wà lábẹ́ 30, ẹ gun kẹ̀kẹ́ yín láìfòyà. Láàárín 30 sí 40, kẹ̀kẹ́ ṣì ṣeé gùn, àmọ́ ẹ fi ìdajì kún gbogbo àkókò tí ẹ ti ṣírò. Tó bá ti ń lọ sí 50, ẹ fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ẹ wọ bọ́ọ̀sì kékeré tó máa ń dúró de àlejò létí èbúté, kí ẹ sì yọ etí bèbè òkun kúrò nínú ètò yín pátápátá. Tó bá ju 50 lọ, ẹ má ṣe lọ rárá lọ́jọ́ náà. Bí ọkọ̀ bá tilẹ̀ gbé yín lọ láàárọ̀, ó ṣeé ṣe kó má lè padà wá gbé yín. Bí Met Éireann bá ti kéde ìkìlọ̀ aláwọ̀ ọsàn tàbí pupa, ẹ má tún rò ó mọ́, ẹ má lọ.

Ẹ tún wo àkókò tí oòrùn máa wọ̀. Ní oṣù Okúdù, ilẹ̀ kì í ṣú níbẹ̀ títí di nǹkan bí aago 10 alẹ́. Ní oṣù Ọ̀pẹ̀, oòrùn ti ń wọ̀ ṣáájú aago 4:30 ìrọ̀lẹ́, torí náà ìdajì ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí lẹ lè rí.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹnì kan: ọkọ̀ tí ẹ máa wọ̀ lọ, èyí tí ẹ máa wọ̀ bọ̀, àti wákàtí tó yẹ kó dààmú bí kò bá gbúròó yín. Bí ẹni tó dá rìn bá yẹ ẹsẹ̀ lórí àpáta, kò sí ẹlẹgbẹ́ tó máa sáré pe ènìyàn. Nọ́ńbà pàjáwìrì níbẹ̀ ni 112 tàbí 999; bó bá jẹ́ etí òkun ni wàhálà wà, Coast Guard ni kí ẹ ní ẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Ohun tí ẹ máa gbé

Agbòjò kò wúlò níbẹ̀ rárá, ìṣẹ́jú kìíní ni afẹ́fẹ́ máa dà á délẹ̀. Kóòtù òjò tó ní fìlà tí wọ́n ń fi okùn so mọ́ orí ni kí ẹ wọ̀, pẹ̀lú súwẹ́tà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má wọ ṣòkòtò jíìnsì. Bó bá ti lè rin, ara rẹ̀ kò ní gbẹ mọ́ títí ẹ fi máa padà, afẹ́fẹ́ á sì sọ ọ́ di yìnyín sí yín lára. Bàtà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ní ìrísí tó ń di ilẹ̀ mú, tó sì ká ọrùn ẹsẹ̀ mọ́, ló yẹ. Òkúta ẹfun ni gbogbo erékùṣù náà, omi sì ti la àlàfo gígùn sáàárín òkúta kan àti èkejì, tó fẹ̀ tó láti gbé ẹsẹ̀ mì. Ìbọ̀wọ́ fẹ́lẹ́ tọ́ sí yín lórí kẹ̀kẹ́ pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Awò ojú wúlò ju bí ẹ ṣe rò lọ, torí omijé tí afẹ́fẹ́ ń fà kì í jẹ́ kí èèyàn ríran.

Lítà omi kan àti ààbọ̀, oúnjẹ tí ẹ lè jẹ lórí ìdúró, power bank, owó yúrò díẹ̀ lọ́wọ́. Ilé ìtajà wà ní Cill Rónáin, ìlú èbúté. Bí ẹ bá ti kúrò níbẹ̀, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e pé ẹ máa rí nǹkan rà, pàápàá nígbà òtútù.

Ọkọ̀ ojú omi

Ọ̀nà tó dájú jù ni ti Ros an Mhíl, tí àwọn kan ń kọ ní Rossaveal, bíi kìlómítà 37 sí Galway. Bọ́ọ̀sì wà láti Galway lọ síbẹ̀. Ẹ ya wákàtí kan sọ́tọ̀ fún un, kí ẹ sì ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ọkọ̀ omi, torí owó rẹ̀ kì í sábà sí nínú ti ọkọ̀. Kí ẹ ti wà ní èbúté ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú. Erékùṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ọkọ̀ ń lọ láti ibẹ̀, orúkọ wọn sì jọra létí àlejò: Inis Mór, Inis Meáin, Inis Oírr. Ẹ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ọkọ̀ kí ẹ tó fi ẹsẹ̀ kan wọ inú rẹ̀. Bíi ogójì ìṣẹ́jú ni ìrìn àjò náà. Ọkọ̀ mìíràn ń gbéra láti Doolin ní ìpínlẹ̀ Clare nígbà tí ojú ọjọ́ bá dára, àmọ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Inis Mór ló jìnnà sí Doolin jù. Ẹni tó ní ọjọ́ kan péré kò nídìí láti gba ibẹ̀.

Bí ìgbì òkun bá máa ń mú yín bì, ẹ lo oògùn rẹ̀ ní wákàtí kan kí ọkọ̀ tó gbéra. Bí inú bá ti rú tán, kì í dúró níkùn mọ́. Ẹ jókòó sí ìsàlẹ̀, láàárín sí ẹ̀yìn ọkọ̀, níbi tí kì í ti fò sókè púpọ̀. Ẹ tẹjú mọ́ ibi tí omi àti ojú ọ̀run ti pàdé. Fóònù dọwọ́ àpò.

Kẹ̀kẹ́, àti ìdí tí ẹ fi máa kọ́kọ́ doríkọ ìwọ̀ oòrùn

Àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ háyà wà gẹ́rẹ́ tí ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìkánjú àwọn èrò tó kù mú yín gbàgbé láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fún bíréèkì méjèèjì lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹ bá ń tì í. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ táyà, kò gbọdọ̀ rọ̀. Ẹ yí jíà láti òkè dé ìsàlẹ̀, torí èyí tó kéré jù lẹ máa nílò nínú afẹ́fẹ́. Ẹ gbé ìjókòó dé ibi tí orúnkún yín á fẹ́rẹ̀ẹ́ na tán bí ẹsẹ̀ bá wà nísàlẹ̀. Ìjókòó tó bá rẹlẹ̀ jù ló ń pa itan kí kìlómítà 5 tó pé. Ẹ gba akoto. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà lójú títì ní Ireland.

Ìhà ìwọ̀ oòrùn àti gúúsù ìwọ̀ oòrùn ni afẹ́fẹ́ máa ń sábà ti wá. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yín, ẹ dojú kọ ọ́ láàárọ̀ nígbà tí agbára ṣì wà, kó lè máa tì yín lẹ́yìn bọ̀ nírọ̀lẹ́. Ọ̀nà méjì ló gba gígùn erékùṣù náà. Ti ìsàlẹ̀, létí òkun àríwá, ni kí ẹ gbà lọ: ó tẹ́jú, òkè tó wà láàárín erékùṣù sì ń gba díẹ̀ lára afẹ́fẹ́ gúúsù fún yín. Ní Port Chorrúch lójú ọ̀nà yẹn, àwọn ẹranko òkun tí wọ́n ń pè ní seal máa ń sùn lórí òkúta nígbà tí omi bá fà. Ọ̀nà òkè ni ti àbọ̀. Ó ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, àmọ́ afẹ́fẹ́ ti di ti yín nígbà yẹn.

Bí afẹ́fẹ́ bá wá láti ìlà oòrùn ńkọ́? Àlọ á dùn ju bó ṣe yẹ lọ, ìyẹn gan-an ni ẹ̀tàn rẹ̀. Ẹ ṣẹ́rí padà ní wákàtí kan ṣáájú ohun tí ẹ rò, tàbí kí ẹ háyà kẹ̀kẹ́ oníbátìrì.

Odi òkúta lẹ máa rí lọ́tùn-ún lósì. Wọn kò fi sìmẹ́ǹtì mọ ọ́n. Àlàfo tó wà láàárín òkúta rẹ̀ ló ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá láìwó o. Ẹ má gùn ún, ẹ má sì fi kẹ̀kẹ́ tì í: òkúta kan tó bá já lè fọ̀nà fún màlúù elòmíràn. Níbi tí odi bá ti dá, ẹ di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú dáadáa, torí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti máa ń gbá èèyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Dún Aonghasa

Odi ogun àtijọ́ yìí ló ń gbé ọ̀pọ̀ àlejò wá. Nǹkan bí 1100 ṣáájú Sànmánì Kristi làwọn èèyàn ti ń lo orí òkè náà. Ẹ so kẹ̀kẹ́ mọ́lẹ̀ ní abúlé Cill Mhuirbhigh, ẹ san owó ìwọlé, kí ẹ sì rìn gòkè fún bíi ogún ìṣẹ́jú. Apá ìkẹyìn ọ̀nà náà jẹ́ òkúta tí ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ti dán. Bí òjò bá ti rọ̀, ẹ máa fi gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe gìgísẹ̀. Kí ẹ tó wọ odi inú, ẹ máa kọjá láàárín ọ̀pọ̀ òkúta ṣóńṣó tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ní ìdúró, tó wà láti dí eré ọ̀tá lọ́wọ́. Ẹ dúró wò ó dáadáa. Ọ̀pọ̀ àlejò ń sáré kọjá rẹ̀.

Odi náà kò yípo tán. Ìhà kan rẹ̀ ṣí sílẹ̀ sí bèbè tó ga ju mítà 80 lọ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ni òkun. Kò sí irin ìdáàbòbò kankan níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó bá kọlu ojú bèbè máa ń gun òkè, á sì ká lọ́nà òdì lẹ́yìn etí rẹ̀. Ẹni tó ti fara ti afẹ́fẹ́ kó má bàa ṣubú lè rí i pé ó dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tó fara tì á sì ti lọ. Ewu kejì ni pé ìgbì ti jẹ abẹ́ òkúta náà láwọn ibòmíì, tó fi jẹ́ pé pẹpẹ tínrín tí kò ní nǹkan nísàlẹ̀ lèèyàn dúró lé.

Bí ẹ bá fẹ́ wo ìsàlẹ̀, ẹ dùbúlẹ̀ ní mítà mẹ́ta sí etí, ẹ fi ikùn wọ́ lọ, kí orí nìkan yọ. Ẹ bọ́ báàgì sílẹ̀ ṣáájú, ẹ fa síìpù kóòtù pa. Ọjọ́ tí ẹ̀fúùfù òjijì bá ju 50 lọ, ẹ má ṣe é rárá. Fún fọ́tò, ẹ gbé fóònù sórí òkúta nínú odi, ẹ tẹ aago rẹ̀, kí òkun wà lẹ́yìn yín lókèèrè. Ẹnikẹ́ni tó bá ń rìn sẹ́yìn pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́ lórí òkè yẹn ń ṣeré pẹ̀lú ẹ̀mí ara rẹ̀.

Bí àkókò bá ṣì wà

Ọkọ̀ àárọ̀ tó dé nǹkan bí aago 11 àti ti ìrọ̀lẹ́ tó ń lọ ní nǹkan bí aago 5 kò fi ju wákàtí mẹ́fà sílẹ̀ (ẹ wo àkókò gidi ti oṣù tí ẹ ń lọ). Ẹ mú ọ̀kan nínú èyí tó kàn. Ẹ má mú méjèèjì.

Poll na bPéist ni ihò onígun mẹ́rin kan tí òkun fúnra rẹ̀ gbẹ́ sínú pẹpẹ òkúta lábẹ́ bèbè, tó gún régé bíi pé káfíńtà ló wọ̀n ọ́n. Láti abúlé Gort na gCapall, ẹ ó fẹsẹ̀ rìn lórí àpáta, àmì ọfà pupa ló ń júwe ọ̀nà. Nígbà tí omi bá fà nìkan ni kí ẹ lọ, ẹ má sì wẹ̀ níbẹ̀, torí abẹ́ òkúta ni ìgbì ń gbà wọlé. Bí pẹpẹ náà bá ti ń tutù láti ọ̀dọ̀ ìgbì, òkè ni kí ẹ ti wò ó.

Na Seacht dTeampaill wà síwájú sí i ní ìwọ̀ oòrùn. Ìjọ méje ni ìtumọ̀ orúkọ náà, àmọ́ méjì péré ni ilé ìjọsìn tó wà níbẹ̀, ilé gbígbé làwọn tó kù. Ibẹ̀ rọlẹ̀ kúrò lójú afẹ́fẹ́, nítorí náà ó dára fún ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá le.

Àbọ̀

Ẹ fi aago fóònù sí wákàtí méjì ṣáájú ọkọ̀. Bó bá ti dún, ẹ dorí kẹ̀kẹ́ kọ Cill Rónáin níbi yòówù tí ẹ wà. Ẹ dá kẹ̀kẹ́ padà ní ogójì ìṣẹ́jú ṣáájú, torí gbogbo èrò ló ń dá tiwọn padà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọkọ̀ bá fi yín sílẹ̀ tàbí tí wọ́n fagi lé e, ẹ wá ibùsùn ní Cill Rónáin kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn, nítorí yàrá máa ń tètè tán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ ó pe ẹni tí ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí lálẹ́ àná, kí ẹ tó wá lọ bá àwọn ọlọ́kọ̀ ṣètò ti ọjọ́ kejì.