Bí A Ṣe Ń De Àpótí Wúfà Mọ́ Búùtù Ọkọ̀, Tí Yóò Sì Tún Rọrùn Láti Yọ

Ẹni tó ń wakọ̀ ní Ìkòròdú mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí. Ẹ kúrò ní Sábó, Márúwá já síwájú yín lójijì, ẹ tẹ búrẹ́ẹ̀kì, lẹ bá gbọ́ "gbì!" lẹ́yìn. Àpótí wúfà, ìyẹn ẹ̀rọ agbóhùn ńlá tó ń gbé báàsì jáde, ló gbéra nílẹ̀ yẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń sọ pé ó ti wúwo jù, pé kò lè lọ síbì kankan. Ìwúwo yẹn gan-an ló yẹ kó bà wọ́n lẹ́rù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Àpótí tó gbé wúfà ínṣì 12 kan lè tó kìlógíráàmù 20. Bí ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 50 ní wákàtí kan bá kọ lu nǹkan, tó sì dúró láàárín ìdajì mítà, agbára tí àpótí náà máa fi tẹ̀ síwájú á tó nǹkan bí ìlọ́po 20 ìwúwo rẹ̀. Kìlógíráàmù 400 nìyẹn, àpò ìrẹsì ńlá mẹ́jọ, lẹ́yìn àga tí àwọn ọmọ jókòó sí.

Síbẹ̀, kéèyàn kàn án mọ́lẹ̀ pátápátá kò bá ìgbé ayé wa mu. Búùtù yẹn náà la fi ń kó ẹrù ọjà, òun la fi ń gbé àgbò Iléyà. Ohun tí mo fara mọ́ ni bẹ́líìtì ìdẹrù mẹ́rin, irú èyí tí àwọn onítírélà ń lò, àmọ́ tó kéré, tó ní ọwọ́ irin tí wọ́n fi ń fún un. Tí ẹ bá ti ṣètò rẹ̀ tán, ọwọ́ lásán lẹ máa fi yọ ọ́.

Ẹ kọ́kọ́ kó gbogbo ẹrù kúrò nínú búùtù, kí ẹ sì ká kápẹ́ẹ̀tì sókè. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ní ìkọ́ irin kéékèèké tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti dè mọ́ ara irin ọkọ̀, méjì nítòsí àga, méjì nítòsí ẹnu búùtù. Tí ẹ bá rí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìdajì iṣẹ́ ti tán. Tí wọn ò bá sí, ẹ wá bóòtì tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, bí irú èyí tó di ẹsẹ̀ àga ẹ̀yìn mú, kí mẹkáníìkì fi irin olójú sábẹ́ orí rẹ̀, kó sì fún un padà dáadáa. Bóòtì bẹ́líìtì ìjókòó nìkan ni ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.

Ihò tuntun ni mo fi sí ìkẹyìn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré bíi Corolla àti Camry, abẹ́ àga ẹ̀yìn ni táńkì epo wà, páìpù epo àti ti búrẹ́ẹ̀kì sì ń gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá. Kí ẹnì kan wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ wo ojú ibẹ̀ kí dírììlì tó dún rárá. Tí wọ́n bá ti lu ihò tán, ẹ kun etí rẹ̀ lọ́dà kí bóòtì tó wọlé. Etí ọ̀sà la wà. Irin tó wà níhòòhò kì í pẹ́ dípẹtà níbí.

Ó wá kan àpótí fúnra rẹ̀. MDF ni wọ́n fi ń kan púpọ̀ nínú wọn, ìyẹn lẹ́búlẹ́bú igi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀. Súkúrúù lásán kì í pẹ́ tú nínú rẹ̀. Ẹ yọ wúfà, ẹ ki ọwọ́ bọ inú, kí ẹ fi bóòtì tó gba pákó já de ìkọ́ méjì mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú wáṣà fífẹ̀ àti nọ́ọ̀tì nínú. Ẹ fi sílíkónì dí etí ihò. Tí àpótí bá jẹ́ èyí tí wọ́n dí pa, afẹ́fẹ́ tó bá ń jò níbẹ̀ á máa fọn, báàsì á sì dín kù.

Ẹ tẹ́ rọ́bà pẹlẹbẹ sílẹ̀, kí ẹ gbé àpótí lé e, kó fara ti ẹ̀yìn àga tímọ́tímọ́, kí ojú wúfà kọ sí ẹnu búùtù. Àlàfo ló máa ń fún un láyè láti sáré kó tó kọ lu àga. Ẹ má sì gbójú lé àga: àga tó ń ṣẹ́ po, ìdè kékeré ló dì í mú. Ẹ ronú nípa táyà àfikún náà o, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ máa wá ẹni tó máa bá òun gbé àpótí lóru ní Odógúnyàn.

Bẹ́líìtì méjì lọ síwájú, méjì lọ sẹ́yìn, kí wọ́n máa fa àpótí síra wọn. Méjì tó lọ sẹ́yìn ló máa jẹ ìyà búrẹ́ẹ̀kì, nítorí náà ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kí ẹ tó sanwó: kí kọ̀ọ̀kan lè gba kìlógíráàmù 400 ó kéré tán. Ẹ fa ìrù rẹ̀ títí kò fi ní dẹ̀ mọ́, kí ẹ wá máa tẹ ọwọ́ irin náà, ká, ká, ká. Tí ẹ bá fún igun kan díẹ̀, ẹ bọ́ sí igun tó dojú kọ ọ́, kí àpótí má bàa wọ́ sápá kan. Tí pákó bá ti ń ké, ó ti pọ̀ jù. Lẹ́yìn náà, ẹ di àpótí mú lọ́wọ́ méjèèjì, kí ẹ mì í. Gbogbo ọkọ̀ ló yẹ kó mì lórí sípíríǹgì rẹ̀, kí àpótí má sì kúrò lójú kan.

Àwọn kan á ní fẹ́líkírò ti tó, ohun tó máa ń dún "fàà" lára bàtà ọmọdé yẹn. Kò ní jẹ́ kí àpótí yọ̀ ní kọ́nà lóòótọ́, àmọ́ kápẹ́ẹ̀tì ló dì mú, kì í ṣe irin. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, àpótí àti kápẹ́ẹ̀tì á jọ lọ ni. Okùn onírọ́bà tí àwọn ọlọ́kadà fi ń de ẹrù, ẹ má lò ó rárá, torí ó ń nà.

Ní ti wáyà, kí rewáyà fi pọ́lọ́ọ̀gì tó ṣeé fà yọ sẹ́nu wáyà wúfà, irú èyí tí kò ní wọlé tí a bá yí i sódì. Ẹ pa rédíò kí ẹ tó fà á. Tí àpótí kò bá sí nínú ọkọ̀, ẹ bo ẹnu wáyà, torí tó bá kan irin, ó lè ba ámpílífáyà, ẹ̀rọ tó ń fún wúfà lágbára, jẹ́. Ámpílífáyà náà kò gbọdọ̀ wà lórí àpótí: gbígbọ̀n á tú u. Wáyà iná tó nípọn láti bátìrì sì gbọ́dọ̀ ní fíúùsì tí kò jìnnà sí bátìrì ju sẹ̀ǹtímítà 45 lọ. Rewáyà tó bá ní kò pọn dandan, ẹ wá ẹlòmíràn.

Tí ẹ bá gbé àpótí wọlé, ẹ gbé e lé igi méjì, kì í ṣe orí sìmẹ́ńtì tútù, torí omi máa ń wú MDF. Tó bá sì tó bí ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ ti ń lo bẹ́líìtì tuntun, ẹ ṣí búùtù, kí ẹ tún tẹ ọwọ́ irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò. Ó máa ń dẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀.