Bí Mo Ṣe Gé Eré Hamlet Kúrú fún Kíkà Sókè

Nígbà tí ẹgbẹ́ òǹkàwé wa pinnu pé eré ẹ̀san ni a óò kà sókè lọ́dún yìí, Hamlet ti Shakespeare ni wọ́n mú, èmi ni wọ́n sì ní kí n ṣètò ìwé rẹ̀ kí a lè kà á tán láàárín wákàtí méjì. Bí a kò bá yọ ohunkóhun nínú rẹ̀, eré náà máa ń gba nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin, nítorí náà ó di dandan kí ìdajì lọ. Gígùn rẹ̀ kọ́ ló kó àyà mi sókè. Ohun tó kó o sókè ni pé ìjà tó ń lọ nínú ọkàn Hamlet, ọmọ ọba Dẹ́ńmáàkì, gan-an ni eré náà, bí ẹni tó ń gé e kò bá sì ṣọ́ra, kò ní í ṣẹ́ ku ju ìtàn ọmọ kan tí wọ́n pa bàbá rẹ̀, tí òun náà sì pa apànìyàn náà.

Yíyan èyí tí n óò gé ni mo fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ìtẹ̀jáde àtijọ́ mẹ́ta ni eré yìí ní: ti 1603, ti 1604 sí 1605, àti ti 1623 tí àwọn ẹlẹgbẹ́ Shakespeare tẹ̀ jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ti 1603 kò ju nǹkan bí ìlà 2,200 lọ, nígbà tí èyí tó tẹ̀ lé e fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,800, ẹni tó bá sì ń wá kúkúrú, èyí àkọ́kọ́ yẹn ni ọwọ́ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ lọ bá. N kò mú un, nítorí pé nínú rẹ̀, Gertrude, ìyá Hamlet, búra pé òun kò mọ nǹkan kan nípa ikú ọkọ òun, ó sì ṣèlérí pé òun yóò ran ọmọ òun lọ́wọ́. Ẹrù kan ti kúrò lórí Hamlet nìyẹn, ẹrù náà gan-an ni mo sì fẹ́ kí ó máa rù. Nínú àwọn méjì yòókù, kò sẹ́ni tó sọ fún wa tààrà bóyá obìnrin náà mọ̀ tàbí kò mọ̀. Ti 1604 ni mo wá dì mú, nítorí òun nìkan ló ní ọ̀rọ̀ àdásọ tí Hamlet sọ nígbà tó pàdé àwọn ọmọ ogun Fortinbras, ọmọ ọba Norway, tí wọ́n ń lọ kú sí Pólàńdì nítorí ilẹ̀ bíńtín kan tí kò níye lórí.

Kí n tó fa ìlà kankan yọ, mo rí i pé àlàyé kan wà tí àwa nílò, tí àwọn ará London ìgbà náà kò nílò. Láàárín àwa Yorùbá, kì í ṣe nǹkan tuntun pé kí àbúrò ṣú opó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí a bá fi ojú yẹn wo Claudius, àbúrò bàbá Hamlet tó pa ọba náà, tó sì fẹ́ Gertrude, ẹ̀sùn ìpànìyàn nìkan ni yóò kù lọ́rùn rẹ̀, gbogbo igbe tí Hamlet ń ké lórí ìgbéyàwó ìyá rẹ̀ yóò sì dà bí àṣejù. Ṣùgbọ́n lójú òfin ìjọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ẹni ti di arábìnrin ẹni. Ọba Henry Kẹjọ fẹ́ Catherine, opó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ní 1509. Ní 1533 wọ́n kéde pé ìgbéyàwó náà kò bófin mu rárá, Anne Boleyn tó sì fi rọ́pò rẹ̀ ni ìyá Ọbabìnrin Elizabeth tó wà lórí ìtẹ́ nígbà tí Shakespeare ń kọ eré yìí. Mo kọ ìpínrọ̀ kan nípa èyí sí iwájú ìwé wa, mo sì gbà pé láìsí i, ìdajì ìbínú Hamlet ni a kò bá gbọ́ yé.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀mí bàbá rẹ̀ bá a sọ ní apá kìíní, n kò yọ púpọ̀ níbẹ̀. Ó pàṣẹ pé kí ó gbẹ̀san, pé kí ó má jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ díbàjẹ́, àti pé kí ó fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ta ló lè mú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣẹ pa pọ̀? Hamlet tún ní ìdí láti má gba ẹ̀mí náà gbọ́. Wittenberg ló ti ń kẹ́kọ̀ọ́, ìlú tí Martin Luther ti gbé ìjà rẹ̀ dìde sí ìjọ Kátólíìkì ní 1517, àwọn ọmọlẹ́yìn Luther kò sì gbà pé ibì kan wà tí wọ́n ti ń fi iná fọ ẹ̀ṣẹ̀ òkú mọ́. Irú ibẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀mí náà ní òun ti wá. Ó lè jẹ́ bàbá rẹ̀, ó sì lè jẹ́ èṣù tó gbé ojú bàbá rẹ̀ wọ̀, ìdí sì nìyẹn tó fi ní kí àwọn òṣèré ṣe eré ìpànìyàn níwájú Claudius kí ó lè wo ojú rẹ̀.

Ibi tí n kò ti ṣàánú kò le rárá. Ìran tí Polonius, olùdámọ̀ràn ọba, ti ń rán ìránṣẹ́ lọ ṣọ́ ọmọ rẹ̀ ní Paris lọ pátápátá, ẹ̀kọ́ tí Hamlet ń kọ́ àwọn òṣèré ku díẹ̀, Osric, ìjòyè ààfin kan, náà kò sì sọ ju ìlà mélòó kan lọ. Èyí tó gbà mí lákòókò jù lọ ni ìran àdúrà, ìran kẹta nínú apá kẹta.

Claudius nìkan ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ pé òun pa ẹ̀gbọ́n òun. Ó bi ara rẹ̀ léèrè bí a ṣe lè dárí ji ẹni tí adé àti ayaba tó tìtorí wọn pànìyàn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀. Hamlet wọlé, ó fa idà yọ, kò sí ẹ̀ṣọ́ kankan nítòsí, ó sì dá ara rẹ̀ dúró. Ó ní bàbá òun kú láìrí àyè jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, bí òun bá wá pa ọkùnrin yìí lórí ìkúnlẹ̀, ọ̀run rere ni òun rán an lọ, nítorí náà òun yóò dúró dìgbà tó bá mutí yó tàbí tó bá wà lórí ibùsùn ẹ̀ṣẹ̀, kí ọkàn rẹ̀ lè bọ́ sínú iná. Bó ṣe jáde tán ni Claudius dìde, ó sì sọ fún wa pé ẹnu òun ló ń gbàdúrà, ọkàn òun kò bá a lọ. Ìyẹn ni pé ká ní Hamlet ṣá a ni, gbogbo ohun tó ń fẹ́ ni ìbá rí gbà.

Samuel Johnson, alámèyítọ́ lítíréṣọ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, sọ ní 1765 pé ọ̀rọ̀ Hamlet yìí burú kọjá ohun tí a lè kà tàbí tí a lè fẹnu sọ. Hazlitt, alámèyítọ́ mìíràn, ní tirẹ̀ sọ ní 1817 pé àwáwí lásán ni, pé ọkùnrin náà kò ní ìgboyà. Johnson ni mo gbè lẹ́yìn, nítorí pé nínú ìran tó tẹ̀ lé e, láìdúró béèrè ẹni tó wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, Hamlet gún Polonius pa. Ọwọ́ rẹ̀ kò lọ́ra. A máa ń sọ pé ẹ̀san kò gbóògùn, ṣùgbọ́n èyí tí Hamlet ń fẹ́ ju ẹ̀san lọ: ikú Claudius kò tó o mọ́, ó fẹ́ jókòó sórí àga ìdájọ́ Ọlọ́run. Nítorí èyí, n kò fọwọ́ kan ìlà kan nínú ìran méjèèjì, mo sì ní kí wọ́n kà á tẹ̀ léra láìsí ìsinmi láàárín, kí etí lè gbọ́ bí ẹni tó ń lépa ẹ̀san ṣe di ẹni tí ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ gbẹ̀san lára rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan náà.

Ẹlòmíràn náà ni Laertes, ọmọ Polonius, tó sọ pé òun lè gé ọ̀fun Hamlet nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Claudius ló bi í ní ìbéèrè tó fa èsì yẹn, òun ló sì tún dá a lóhùn pé kò yẹ kí ẹ̀san ní ààlà. Ẹni méjèèjì tó ka ipa wọn kò kọ́kọ́ rí ìdí tí mo fi ní kí wọ́n rọra ka ibẹ̀, àfi ìgbà tí mo rán wọn létí ẹni tó kúnlẹ̀ lórí àdúrà.

Nínú ìran ìkẹyìn, mo rí ohun kan tí n kò fiyè sí nígbà tí mo ń kà á fún ìgbádùn lásán. Nígbà tí Hamlet gún Claudius, tó sì fi májèlé rọ ọ́ lọ́fun, ìyá rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ló ní kí ó tẹ̀ lé lọ. Kò dárúkọ bàbá rẹ̀. Mo ní kí òǹkàwé wa má fi ohùn ìṣẹ́gun kà á.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ fẹ́ kí a yọ Fortinbras kí àkókò lè tó. Mo kọ̀. Bàbá Hamlet ló pa bàbá Fortinbras, ní ọjọ́ tí wọ́n bí Hamlet, gẹ́gẹ́ bí agbẹ́sàréè ṣe sọ. Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, Fortinbras ń kó ogun jọ láti gba ilẹ̀ bàbá rẹ̀ padà. Arákùnrin bàbá rẹ̀ kìlọ̀ fún un, ó sì jáwọ́. Nígbà tó wọlé ní ìparí, òkú ló bá káàkiri ilé, àti ìtẹ́ Dẹ́ńmáàkì tí kò lẹ́nì kan lórí rẹ̀.