Bó o ṣe máa dá jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ dúró kó tó bẹ̀rẹ̀

Jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ kì í ṣàdédé wá o, kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní HPV ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, ìbálòpọ̀ la sì ti ń kó o. Kò dà bí àtọ̀sí tó máa ń ta èèyàn tó bá ń tọ̀, o lè gbé e kiri fún ọdún gbọọrọ láì mọ̀. Àmọ́ má tíì já láyà, ara ọ̀pọ̀ èèyàn á lé e lọ fúnra ẹ̀ láàárín ọdún kan sí méjì. Èyí tó bá kọ̀ tí ò lọ ni wàhálà, pàápàá oríṣi HPV tí wọ́n fi nọ́ńbà 16 àti 18 pè, àwọn méjèèjì yẹn nìkan ló ń fa bí ìdá 70 nínú 100 jẹjẹrẹ yìí. Ó sì máa ń tó ọdún 15 sí 20 kó tó di jẹjẹrẹ, tí HIV tí wọn ò tọ́jú bá wà lára ó lè má ju ọdún 5 sí 10 lọ.

Tó o bá lọ́mọbìnrin tó wà láàárín ọdún 9 sí 14, gba abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV fún un kó tó mọ ọkùnrin, torí abẹ́rẹ́ náà kì í lé èyí tó ti wọlé. Kọ́ńdọ̀mù dáa, ṣùgbọ́n kò bo gbogbo ibẹ̀, bí ara bá ṣáà ti kan ara ó lè ràn. Sìgá náà, jáwọ́.

Tó o bá ti pé 30, tàbí 25 tí HIV bá wà, lọ ṣàyẹ̀wò. Ọjọ́ méjì ṣáájú, má bá ọkùnrin sùn, má fọ inú abẹ́, má ki oògùn síbẹ̀, má sì lọ tó o bá ń ṣe nǹkan oṣù. Nọ́ọ̀sì á ní kó o dùbúlẹ̀ kó o ká ẹsẹ̀, á fi irin tàbí ike kan tó rí bí ẹnu pẹ́pẹ́yẹ là á, á wá fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré ra ẹnu ilé ọmọ. Ó máa ń ṣe èèyàn bákan, irọ́ ò sí ńbẹ̀, àmọ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, má ṣáà fún ìdí pọ̀, rọra máa mí.

Tí wọ́n bá ní HPV wà, kì í ṣe pé o ti ní jẹjẹrẹ nìyẹn, má sì torí ẹ̀ gbéjà ko ọkọ, ó lè ti wà lára ẹ kó o tó mọ̀ ọ́n rárá. Wọ́n á wo ẹnu ilé ọmọ dáadáa, tí ibì kan bá ti fẹ́ yí padà wọ́n á jó o tàbí kí wọ́n gé e, ọ̀pọ̀ ló ń lọ sílé lọ́jọ́ náà.

Tí ẹ̀jẹ̀ bá wá ń yọ lẹ́yìn ìbálòpọ̀, tàbí tí nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró pátápátá tó o tún rí ẹ̀jẹ̀, má dúró de àsìkò àyẹ̀wò kankan, dókítà ni kó o lọ rí lọ́sẹ̀ yẹn.