Bí ẹ ṣe lè rí nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi gbé ilé ọmọ dúró lórí síkáànù

Nígbà tí ìyá aláró kan kọ́kọ́ wá sí yàrá síkáànù mi ní Òṣogbo, ikùn ni mo gbé pròóbù, ohun àfọwọ́mú tí síkáànù fi ń wo inú ara, lé. Mo wo kídìnrín, mo wo àpò ìtọ̀, mo kọ ọ́ sínú ìwé pé kò sí nǹkan kan. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní London ní 2014, nígbà tó lọ bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ọmọ tuntun. Ilé ọmọ rẹ̀ ló ń yọ síta, wọ́n sì fi nẹ́ẹ̀tì gbé e dúró. Ìgbà tó délé, tó bá jókòó lórí àpótí nídìí ìkòkò aró, nǹkan a máa gún un lábẹ́, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ a sì máa kan aṣọ rẹ̀. Ìwé tí mo kọ yẹn ni àwọn ọmọ rẹ̀ dì mú tí wọ́n fi ní ìrònú ló ń dà á láàmú. Oṣù mẹ́jọ ló fi jẹ̀rora kó tó padà wá. Nẹ́ẹ̀tì náà wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí, èmi ni mi ò wá a síbi tó wà.

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń ṣe síkáànù, nẹ́ẹ̀tì yìí kì í ṣe irin. Polypropylene ni, irú ọ̀rá kan náà tí wọ́n fi ń hun àpò ìrẹsì, àfi pé èyí fẹ́lẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. X-ray kì í rí i. CT, ẹ̀rọ X-ray tó ń ya inú ara ní ìpele-ìpele, náà kì í sábà fi í hàn. Lórí MRI, ẹ̀rọ tó ń fi agbára òòfà ya inú ara, ìlà dúdú tín-ín-rín ni, ó sì ṣòro láti yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àpá iṣẹ́ abẹ. Lórí síkáànù tiwa yìí, tó ń fi ìró wo inú ara, funfun kedere ló ń yọ, ṣùgbọ́n láti ìsàlẹ̀ lẹ ó ti wò ó.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan jẹ́ẹ̀lì, ẹ jókòó bá a sọ̀rọ̀. Ẹ béèrè ìwé iṣẹ́ abẹ náà, ọdún tí wọ́n ṣe é, àti ọ̀nà tí wọ́n gbà: ṣé ojú ara ni àbí ikùn? Ẹ bi í bóyá ìtọ̀ tó ń jò ni wọ́n ń tún ṣe, torí ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ ni ti ìtọ̀, abẹ́ ọ̀nà ìtọ̀ ló sì máa ń wà. Ọdún ṣe pàtàkì. Ní England, oṣù keje 2018 ni wọ́n dá nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń gba ojú ara fi sí i dúró. Ní Amẹ́ríkà, oṣù kẹrin 2019 ni FDA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, ní kí wọ́n má ta á mọ́ fún ilé ọmọ tó wálẹ̀. Àwọn ìyá tí wọ́n ti fi í sí lára ṣáájú ìgbà náà ṣì ń gbé e kiri, púpọ̀ nínú wọn ò sì mọ orúkọ rẹ̀. Ìyá mi aláró kàn ní, “Wọ́n ní nẹ́ẹ̀tì ni, wọ́n ní òun ni yóò bá mi dé sàréè.”

Ẹ jẹ́ kó lọ tọ̀. Kó dùbúlẹ̀ sórí ẹ̀yìn, kó ká orúnkún, kó fa gìgísẹ̀ súnmọ́ ìdí. Ẹ da ìró bò ó, kí nọ́ọ̀sì obìnrin tàbí ọmọ rẹ̀ obìnrin wà níbẹ̀ tó bá fẹ́. Ẹ ṣàlàyé gbogbo ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe kó lè gbà, torí ẹni tó jù yín lọ ló ń ṣí ìhòòhò rẹ̀ hàn yín yẹn. Pròóbù ikùn lásán tó. Ẹ fi jẹ́ẹ̀lì sí i, ẹ fi ìbọ̀wọ́ tí kò ní pọ́dà wé e (pọ́dà máa ń ba àwòrán jẹ́), ẹ tún fi jẹ́ẹ̀lì sórí ìbọ̀wọ́ náà, kẹ́ ẹ wá gbé e lé ẹnu ojú ara lóròó. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jù.

Egungun iwájú abẹ́ lẹ ó kọ́kọ́ rí. Ọ̀nà ìtọ̀ àti àpò ìtọ̀ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ojú ara, ìfun ìdí sì gbẹ̀yìn. Ẹ wá ìlà funfun láàárín àpò ìtọ̀ àti ojú ara, tàbí láàárín ojú ara àti ìfun ìdí. Afẹ́fẹ́ tó há náà ń funfun, ó sì ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Ẹ ní kó wúkọ́: afẹ́fẹ́ á yí padà, nẹ́ẹ̀tì ò ní kúrò lára ògiri tó wà.

Ti ìyá aláró yìí, mo rí i kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Ó yẹ kí nẹ́ẹ̀tì náà tẹ́ pẹrẹsẹ bí aṣọ tí wọ́n sá, ṣùgbọ́n ó ti ká jọ, ó ki pọ́pọ́, bí àdìrẹ tí wọ́n so tí wọn ò tíì tú. Mo rọra fi pròóbù tì í. Ó di ọwọ́ mi mú. “Ibẹ̀ yẹn gan-an ni, ọmọ mi.”

Ẹ má dúró síbi àwòrán kan. Ẹ ní kó ti ara sísàlẹ̀ bí ẹni tí ìgbẹ́ gbẹ mọ́ nídìí, kẹ́ ẹ wò bóyá àpò ìtọ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ nẹ́ẹ̀tì wálẹ̀, tàbí nẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ ti já kúrò níbi tí wọ́n so ó mọ́. Lẹ́yìn náà, kó súnra kì bí ẹni tó ń dá ìtọ̀ dúró. Ẹ yí pròóbù sí ìbú, kẹ́ ẹ tún wò ó.

Èyí tí wọ́n gba ikùn so mọ́ egungun ìdí lókè lọ́hùn-ún, pròóbù yín ò ní dé òpin rẹ̀. Bí ẹ̀yìn bá ń dùn ún tí ibà sì wà, ẹ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kíákíá nípa MRI, torí ó lè jẹ́ pé kòkòrò àrùn ti wọ egungun. Nẹ́ẹ̀tì náà kò ní kí wọ́n má ṣe MRI, ṣùgbọ́n ẹ béèrè bóyá wọ́n fi ìṣó irin kàn án mọ́ egungun, kẹ́ ẹ sọ fún àwọn tó ń ṣe é. Èyí tó bá sì ti lu ojú ara jáde, ojú àti ìka dókítà ló ń rí i jù; ìyẹn ni mo ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ìyá yìí pé kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ má kọ “kò sí nẹ́ẹ̀tì” láé. Ẹ kọ “mi ò rí i”, kẹ́ ẹ sì kọ ibi tẹ́ ẹ ti wò. Ẹ kọ ògiri tó wà, bó ṣe tẹ́ tàbí bó ṣe ká, àti ibi tó ti dun ìyá náà gan-an. Ẹ tẹ àwòrán méjì, ti dókítà kan, ti ìyá náà kan. Ooru máa ń pa àwòrán orí bébà síkáànù rẹ́, nítorí náà ẹ ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi fóònù ọmọ rẹ̀ yà á kí wọ́n tó jáde.