Kẹ́ Ẹ Tó Gbàdúrà Lé Aláìsàn Lórí: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nídìí Ẹni Tó Ń Kú Lọ

Mi ò ní kọ́ yín bí a ṣe ń nu ẹnu aláìsàn tàbí bí a ṣe ń yí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tuntun ti mọ ìyẹn. Ọ̀rọ̀ ààtò ìkẹyìn, ìyẹn àdúrà àti ìṣe ẹ̀sìn tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tó ń kú lọ, ló ń bí mi nínú.

1. Ríra nǹkan kẹ́ ẹ tó béèrè. Wọ́ọ̀dù kan tí mo ti ṣiṣẹ́ kówó lé àbẹ́là oníbátìrì, ẹ̀rọ orin àti àwòrán etí òkun. Aláìsàn àkọ́kọ́ tó wọ yàrá náà ní ká pa orin yẹn, ariwo àwọn ọmọ-ọmọ òun lòun fẹ́ gbọ́. Ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n fẹ́ àti èyí tí wọn ò fẹ́ nígbà tí wọ́n ṣì lè sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sínú fáìlì.

2. Pípe fadá nígbà tí ẹ̀mí ti bọ́. Alààyè ni wọ́n ń fi òróró yàn, kì í ṣe òkú.

3. Títan àbẹ́là gidi tàbí tùràrí níbi tí ọ́síjìn ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ má dán an wò!

Èyí tó ń dùn mí jù ló kàn, ẹ fún mi láyè. Nọ́ọ̀sì kan gbọ́wọ́ lé bàbá kan lórí, ó ń pariwo pé, "Bàbá, ẹ jẹ́wọ́, ẹ jẹ́wọ́!" Bàbá ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó di irin ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mú, ó ń yí ojú sí ògiri díẹ̀díẹ̀. Ó sì wà nínú fáìlì rẹ̀ gbangba pé kò fẹ́ àdúrà ẹ̀sìn kankan, pé kí ọmọbìnrin òun máa kàwé fóun ni. Mo fa nọ́ọ̀sì náà síta. (Èmi oníwàásù ìdákẹ́jẹ́ẹ́, wọ́n gbọ́ ohùn mi dé ilé ìdáná.) Ó ní ìfẹ́ ló sún òun. Ìfẹ́ wo? Ẹni tí kò lè dìde, tí kò lè sọ pé ó tó, ṣé òun lo fẹ́ sọ di ìjọ? Gbàdúrà tìrẹ sínú. Bó bá ní kó o bá òun gbà á, ìyẹn yàtọ̀. Bí ẹbí Mùsùlùmí bá ń rọra ka kálímà, ọ̀rọ̀ ìjẹ́rìí ìgbàgbọ́ wọn, sí èèyàn wọn létí, tí wọ́n fẹ́ kọjú rẹ̀ sí Kìblà, ìyẹn apá Mẹ́kà, bá wọn yí ibùsùn, ṣọ́ rọ́bà ọ́síjìn kó má fà yọ, kó o sì dákẹ́.

Ìkẹrin, àbí ìkarùn-ún: ẹ má gé òwú mímọ́ tí ẹlẹ́sìn Híńdù so mọ́ ọwọ́ torí pé ẹ fẹ́ wẹ̀ ẹ́. Ọ̀pọ̀ Júù kì í fẹ́ kí wọ́n fi òkú sílẹ̀ lóun nìkan. Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà kan kì í fẹ́ kí wọ́n tètè fọwọ́ kan òkú. Ṣùgbọ́n ẹ má há eléyìí sórí kẹ́ ẹ wá máa fi díwọ̀n gbogbo èèyàn. Mo ti rí ọmọ ìjọ Kátólíìkì tó lé fadá jáde.

Tí ẹ̀mí bá bọ́, ẹ má sáré tú ẹ̀rọ bí ẹni ń pàtẹ mọ́. Jonathan Bartels, nọ́ọ̀sì ní University of Virginia ní Amẹ́ríkà, ló mú un wá pé kí gbogbo òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ kọ́kọ́ dúró, kí wọ́n dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú kan, kí olúkúlùkù bọlá fún ẹni tó lọ lọ́nà tirẹ̀. Kò ná ẹnikẹ́ni lówó. Ẹ ṣáà pa fóònù kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.